Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí pickup dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ máa fi fa tírélà

Àwọn ènìyàn wa tó ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo ní Texas, tí wọ́n ń fi tírélà fà á dé èbúté Houston kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, kì í pẹ́ mọ̀ pé pickup dísẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán ni wàhálà. Agbára ni wọ́n ń kọ́kọ́ náwó lé, bẹ́ẹ̀ agbára gan-an ni ẹ́ńjìnnì Cummins 6.7 (ti Ram) tàbí Power Stroke 6.7 (ti Ford) ní ní àníṣẹ́kù. Ooru ló ń ba ọkọ̀ tó ń fa ẹrù jẹ́. Ẹrù tó ju ìwọ̀n àti bíréèkì tí kò múlẹ̀ ló ń pani.

Ẹ má fi iye tí ìwé ìpolówó ní ọkọ̀ lè fà ṣe ìṣirò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ka sítíkà ara òpó rẹ̀: ìwọ̀n gbogbo ènìyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé ló wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí tírélà fi ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ sì wà lára ẹrù yẹn. Bí 20% ìwọ̀n gooseneck (tírélà tí a ń kọ́ sí àárín ibi ìkẹ́rù pickup) tó jẹ́ 14,000 lb (pọ́ùn) bá tẹ pickup mọ́lẹ̀, 2,800 lb nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Ford F-250 àti Ram 2500 oní-dísẹ́ẹ̀lì ni sítíkà wọn kò tó bẹ́ẹ̀, kí awakọ̀ tiẹ̀ tó wọlé. Ẹni tó fẹ́ máa kó ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, kó ra Ram 3500 oní-táyà-mẹ́rin lẹ́yìn. Bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára pickup àti tírélà bá dé 26,001 lb lápapọ̀, tí ti tírélà sì ju 10,000 lb lọ, CDL, láísẹ́ńsì awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, ni òfin ń béèrè.

Báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi lb kan kún ohun tí axle àti táyà lè gbé. Bí a bá kọ́ tírélà sí bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn pickup, iwájú ọkọ̀ máa ń gasókè, sítíárìn á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Báàgì kì í dá ìwọ̀n yẹn padà síwájú. Weight distribution hitch, ìkọ́ tírélà tó ní ọ̀pá tó ń pín ìwọ̀n padà síwájú, ló ń ṣe é. Ẹ fi tépù wọn ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà iwájú kí ẹ tó kọ́ tírélà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa fún ọ̀pá hitch náà le títí fẹ́ńdà yóò fi sún mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Táyà íǹṣì 35 dára fún fọ́tò. Lórí jíà ẹ̀yìn 3.73, bí ẹ bá yọ táyà tó ga ní íǹṣì 31.6, tí ẹ gbé 35 wọlé, ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni pé jíà 3.37 ló ní. Àfi kí ẹ pààrọ̀ jíà ẹ̀yìn sí 4.10 kó tó padà sí nǹkan bíi 3.70. Ẹni tí kò bá ṣe é, jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ni yóò jìyà.

Tune alágbára, ìyẹn àtúntò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, ló burú jù. Dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i ló ń dà sínú ẹ́ńjìnnì, bí ọkọ̀ bá sì ń fa ẹrù gun òkè, ooru inú manifold (páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì) á fò sókè. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ka 1,250°F sí òpin fún ìfà tó pẹ́. Písítìnì aluminium ló ń yọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tune tí wọ́n ṣe fún fífà ẹrù nìkan ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi géèjì EGT, tó ń wọn ooru èéfín, sí i. Iwájú tọ́bò ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń wà. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn tọ́bò, ó lè fi 200 sí 300°F kéré sí òótọ́, ọkàn yín á balẹ̀ nígbà tí písítìnì ń jóná. Tí ẹ bá ń lu ihò rẹ̀ lára manifold, ẹ fi gíríìsì pa ẹnu dírílì àti táàpù 1/8 NPT, kí ẹ máa dúró nù ún, kí ẹ sì fi mágínẹ́ẹ̀tì kó ìyókù. Èérún irin kan ṣoṣo tó bá kù, abẹ̀bẹ̀ inú tọ́bò ló ń lọ bà.

Jíàbọ́ọ̀sì náà nílò géèjì tirẹ̀: bí ọ́ìlì rẹ̀ bá ń kọjá 220°F, ẹ rọra, kí ẹ sọ jíà kalẹ̀, kí bọ́tìnì tow/haul (tó ń mú jíà bá ẹrù fífà mu) sì wà ní títàn.

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ DPF, asẹ́ tó ń gba èéfín dúdú nínú sàlẹ́ńsà. Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ Amẹ́ríkà, kà á léèwọ̀, ọkọ̀ tó sì ń fa ẹrù lójoojúmọ́ ni DPF kì í tètè dí, torí ooru sàlẹ́ńsà ń jó èéfín dúdú inú rẹ̀ dànù. Ọkọ̀ tó ń rìn lófìfo nínú ìgboro ló ń dí.

Owó tó bá kù, orí bíréèkì tírélà ni kó lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì bíréèkì mẹ́rin ló wà lórí axle méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa iná bíi amp 3, wáyà tín-ín-rín kò lè gbé e. Ẹ má sì gbára lé bọ́ọ̀lù fún earth; ẹ fa wáyà funfun tó nípọn dé púlọ́ọ̀gì oní-pín-méje. Láti tò ó, ẹ wakọ̀ ní 25 mph níbi tí kò sí ọkọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ kọntiróólà bíréèkì tírélà nìkan. Bí táyà tírélà bá há, ẹ dín agbára bíréèkì náà kù. Bí eré ọkọ̀ kò bá dínkù, ẹ fi kún un.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo bọ́ọ̀lù. Ẹnu tírélà tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù íǹṣì 2 5/16 máa ń há mọ́ bọ́ọ̀lù íǹṣì 2 bí ẹni pé ó bára mu, á sì fò yọ nínú kòtò àkọ́kọ́. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí bọ́ọ̀lù náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti í pa, ẹ fi jáàkì gbé imú tírélà sókè: ẹ̀yìn pickup gbọ́dọ̀ bá a gòkè.