Bí Mo Ṣe Ṣe Ìdánwò Àfọwọ́ṣe Kẹ́mísìrì ní Yàbá

Nínú gbogbo ìdánwò ìparí sáà, ti àfọwọ́ṣe ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń bẹ̀rù jù, nítorí pé ohun tí ènìyàn há sórí nìkan kò tó níbẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ni a fi ń gba máàkì. Mo ṣe ti kẹ́mísìrì ní sáà tó kọjá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Yàbá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àbúrò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, nítorí náà bí mo bá gba Afárá Carter lówùúrọ̀, òdìkejì ibi tí èrò ń dà kọ ni mò ń lọ. Síbẹ̀, mo tètè jáde, kí ọwọ́ mi má bàa máa gbọ̀n nígbà tí mo bá dé ìdí iṣẹ́. Obìnrin tó ń bójú tó láàbù kí wa káàbọ̀, ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ka ìbéèrè tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.” Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Táítíréṣọ̀n ni apá kìíní, ìyẹn kíkán omi kan tí a mọ agbára rẹ̀ sínú òmíràn títí àwọ̀ yóò fi yí, kí a lè mọ bí èkejì ṣe lágbára tó. Wọ́n fún wa ní ásíìdì hydrochloric tó jẹ́ 0.100 mol/dm³ (mólì, ìyẹn ìwọ̀n iye èròjà, nínú lítà kan), kí a fi wá bí sodium carbonate tó wà nínú omi kejì ṣe pọ̀ tó. Mo fi omi fọ búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì gígùn alámì ìwọ̀n tí ásíìdì ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kán jáde, lẹ́yìn náà mo fi díẹ̀ nínú ásíìdì náà ṣan inú rẹ̀ dà nù, nítorí pé omi tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ yóò dín agbára ásíìdì kù. Carbonate ni mo fi ṣan pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn iye omi kan pàtó. Ṣùgbọ́n omi nìkan ni mo fi fọ ìgò onídìí fífẹ̀, nítorí pé bí carbonate bá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, yóò di àlékún lórí 25.00 cm³ tí mo fẹ́ wọ̀n síbẹ̀. Omi lásán kò lè fi kún carbonate, kò sì lè yọ kúrò nínú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni máàkì ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kódà àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa.

Mo yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò, mo jẹ́ kí ásíìdì díẹ̀ ṣàn kí afẹ́fẹ́ tó há sí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì lè jáde, mo wá tẹ̀ ba títí ojú mi fi bá ojú omi dọ́gba. Àárín ojú omi inú búrẹ́ẹ̀tì máa ń rẹlẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ yẹn ni a ń kà. Mo kán methyl orange, èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí nígbà tí ásíìdì bá ti tó, díẹ̀ sínú carbonate, ó di yẹ́lò, mo sì gbé ìgò náà lé táìlì funfun. Mo ṣe táítíréṣọ̀n àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń díwọ̀n lásán, ní kíákíá. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń sún mọ́ òpin ni mò ń jẹ́ kí ásíìdì kán lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń mi ìgò, títí ẹ̀kán kan ṣoṣo fi sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn. Mo rí 24.25 àti 24.35 cm³. Mo fi 24.30 ṣe ìṣirò, n kò sì ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Nítorí pé mólì ásíìdì méjì ló ń bá mólì carbonate kan ṣiṣẹ́, ìdáhùn mi jẹ́ 0.0486 mol/dm³, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 5.15 nínú dm³ kan.

Apá kejì ni wíwá orúkọ iyọ̀ kan tí wọ́n pè ní X. Sodium hydroxide mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù jáde nínú omi rẹ̀, kò sì yọ́ nígbà tí mo fi púpọ̀ sí i. Ammonia ni mo fara balẹ̀ sí jù: mo kán an díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá dà á gbùú kò ní rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ rárá. Nígbà tó pọ̀ tó, gbogbo rẹ̀ yọ́, omi náà sì dúdú bí aró. Copper nìyẹn. Barium chloride àti ásíìdì hydrochloric wá mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun jáde, èyí tó fi sulphate hàn. Bí mo ṣe ń rí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń kọ ọ́ sínú tábìlì ìwé ìdáhùn, ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí àti ohun tó túmọ̀ sí, kí n tó mú ìgò mìíràn. Nígbà tí wọ́n pe àkókò, kò sí òpó tó ṣófo nínú tábìlì mi. Mo fọ ohun èlò mi, mo sì fi ìwé lé olùkọ́ lọ́wọ́.