JUPEB, IJMB tàbí A-Level: bí a ṣe yan èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ṣe

Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ẹbí pé sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí Ojúde Ọba, ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ nídìí ìkókòrè. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ti gba WAEC tó dára lọ́dún tó kọjá, àmọ́ máàkì JAMB rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ò tún gbé e dé ìdí iṣẹ́ ẹnjiníà. Kálukú bá dárúkọ ìdánwò mìíràn tó lè ṣe láti fi wọ yunifásítì. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni wọ́n ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá.

Bọ̀ọ̀dá wa tó ń gbé Lẹ́kí ló dárúkọ IB (International Baccalaureate). Ohun tó dáa ni lóòótọ́: iṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta nínú ẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyókù lọ, àròkọ ìwádìí tó lè tó 4,000 ọ̀rọ̀, gbogbo máàkì ẹ̀ sì jẹ́ 45. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ olówó ńlá ló sì pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo yọ ọ́ kúrò.

Àwọn mẹ́ta tó kù, JUPEB, IJMB àti A-Level, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń là: iṣẹ́ mẹ́ta péré, kéèyàn fi èsì ẹ̀ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, kó bọ́ sí 200 level, ìyẹn ọdún kejì ní yunifásítì. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló ń mójú tó IJMB. JUPEB ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ni, UNILAG ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà. Gíréèdì A jẹ́ máàkì 5, E jẹ́ 1. Ẹni tó bá gba A mẹ́ta, tí wọ́n fi 1 kún un, á ní 16.

Iye tí wọ́n ń gbà ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ béèrè (ṣé Ìjẹ̀bú ni wá). Mo ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀ ná, ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yunifásítì tọ́mọ ń lọ. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gba gbogbo ìwé wọ̀nyí, kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń yà á. Ọmọ náà kọ ibi tó wù ú sínú ìwé, a jọ yẹ ohun tí wọ́n ń béèrè wò nínú brochure JAMB, èyí tí ò yé wa, a pe ọ́fíìsì tó ń gbani wọlé. Èyí tó wà lókè pátápátá ń gba JUPEB àti A-Level. Wọn ò dárúkọ IJMB.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé lẹ́sìn (lesson) kan ti fi dá wa lójú pé kò sí yunifásítì tí IJMB ò lè wọ̀ ní Nàìjíríà. Mo ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì kó sì fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin Àǹtí yìí náà!” Bíírò wà lápò rẹ̀, kò yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, mo tẹ́ past question mathematics ti A-Level Cambridge àti ti JUPEB síwájú ọmọ náà. Mo bo ìdáhùn, mo sì ṣí aago fóònù. Ti Cambridge ló kọ́kọ́ mú. Ó ń fi bíírò gbá eyín, ó kọ ìlà mẹ́ta, ó fagi lé méjì, ó tún un ṣe. Ó yanjú èyí tó pọ̀ nínú méjèèjì, torí náà kì í ṣe líle ìdánwò la fi yàn. Ká ní òkè òkun ló ń lọ ni, A-Level ni ǹ bá mú láìronú. Ṣùgbọ́n owó ìdánwò ẹ̀ ń bá pọ́n-ùn gòkè, ọmọ yìí ò sì kúrò ní Nàìjíríà báyìí.

A mú JUPEB. Ó fẹ́ fi biology rọ́pò chemistry torí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo fi ìlà tí yunifásítì ti béèrè mathematics, physics àti chemistry hàn án, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù Direct Entry máa ń jáde nígbà tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì, èsì ò tíì jáde. Owó ẹ̀ ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi yà sọ́tọ̀ kó tó san ti họ́sítẹ̀lì.