Gígé sìgá ńlá: àwọn àṣìṣe tó ń fi owó yín ṣòfò

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Ní Sátidé tó kọjá, níbi òde kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọkùnrin kan yọ sìgá ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní cigar, tí owó rẹ̀ tó ra àkùkọ gàgàrà, ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín já a. Bí ẹni ń jẹ ìrèké!

1. Ẹ má fi eyín já a.

2. Abẹ fẹ́lẹ́ àti ọ̀bẹ tí ẹ fi ń gé àlùbọ́sà kọ́ ni wọ́n fi ń gé e. Ẹ ra kọ́tà alábẹ méjì tó mú.

3. Ẹ̀ ń gé e jìn jù! Èyí gan-an ló ń pa mí lára. Orí sìgá, ìyẹn apá tí à ń fi sẹ́nu, ní fìlà: ewé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló di ewé ẹ̀yìn mú tí kò fi tú. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín níbi tí fìlà náà parí sí. Òkè ìlà yẹn ni kí ẹ ti gé e, bíi mìlímítà 2 péré. Bí kò bá fà, ẹ tún gé díẹ̀ sí i. Èyí tí ẹ bá gé jù, ta ni yóò bá yín lẹ̀ ẹ́ padà?

Èmi náà ti jẹ ìyà rẹ̀. Níbi òkú àgbà kan ní Tákìé, mo wọ agbádá funfun, mo jókòó sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n, mo gé sìgá mi bí ẹni gé ilá. Kí n tó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewé rẹ̀ ti ń tú bíi gèlè tí wọn ò fi abẹ́rẹ́ há. Tábà kún ẹnu mi, eérú kún agbádá. Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ mu ún ni, àbí o fẹ́ fi se ọbẹ̀?" Títí dòní, bó bá rí mi, á ní, "Ilá ńkọ́?"

Ẹ̀ẹ̀rùn ọyẹ́ náà wà ńbẹ̀. Sìgá tó ti gbẹ nínú dúrọ́ọ̀ á là bí abẹ bá ṣe kàn án. Ẹ tọ́jú u síbi tí ọ̀rinrin rẹ̀ á wà láàárín ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi ètè tu fìlà rẹ̀ lára díẹ̀ kí ẹ tó gé e.

Ìkarùn-ún àbí ìkẹfà la wà yìí? Punch, èyí tó ń lu ihò róbótó, kò wúlò fún olórí ṣóńṣó. Ti tẹ́ẹ́rẹ́ náà, orí rẹ̀ kéré jù fún un. Àwọn tí nọ́ńbà ìbú wọn jẹ́ 50 sókè ni mo ń lò ó fún. 50 yẹn túmọ̀ sí pé bí a bá pín ìnṣì kan sí ọ̀nà 64, ìbú rẹ̀ gba 50 níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti fẹ́ gé e, ẹ pa kọ́tà dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń rọra tẹ̀ ẹ́ ló ń fa ewé ya. Kí ẹ sì fà á wò kí ẹ tó ṣáná sí i.

Ọmọkùnrin Sátidé yẹn tún wá bá mi pé kí n bá òun tan iná. Mo ní kó kọ́kọ́ yọ ewé tó há sí eyín rẹ̀.