Bí A Ṣe Ń To Ìtàn Lógò Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Jọ Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sábà kíyè sí lógò kékeré tó wà ní igun ojú ẹ̀rọ náà, àfi lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá pa á dà. Ọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ nípa bí ti àtijọ́ ṣe rí, tí ẹnu àwọn tó ti jọ ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́ kò sì ní kò. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rí yanjú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, kí ó to lógò ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀lé ara wọn láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí tó wà lójú ẹ̀rọ lónìí, kí ó sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ọdún tó bá kọ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrántí dára, àmọ́ kò tó ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìtàn orúkọ àti olówó ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀

Kí ẹ tó wá àwòrán kankan, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà ti jẹ́ sí i, àti ẹni tó ni ín nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí orúkọ tàbí olówó bá yí padà ni lógò máa ń yí padà jù, nítorí pé lẹ́tà orúkọ náà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìtàn Ìbàdàn fi èyí hàn dáadáa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV (Western Nigeria Television) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ṣe àkọmọ̀nà. Nígbà tí ìjọba ológun àpapọ̀ gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, tí òfin ọdún 1977 sì kó gbogbo wọn sábẹ́ NTA (Nigerian Television Authority), ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, àwọn lẹ́tà WNTV kò lè dúró lójú ẹ̀rọ mọ́. Lẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀. Lásìkò Olóyè Bọ́lá Ìgè ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní TSOS (Television Service of Oyo State), èyí tó bọ́ sábẹ́ BCOS (Broadcasting Corporation of Oyo State) nígbà tó yá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. NTA Ìbàdàn ló jogún WNTV. BCOS tó wà ní Oríta Baṣọ̀run jẹ́ ọmọ ilé mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan náà ni wọ́n wà. Ẹni tó bá to WNTV, TSOS àti BCOS sórí ìlà kan ṣoṣo ti da ìtàn méjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹwà àwòrán tó lè tún un ṣe. Ẹ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọjọ́ tí òfin sọ pé orúkọ yí padà kò fi dandan jẹ́ ọjọ́ tí lógò àtijọ́ kúrò. Pátákó tí wọ́n kun, gbohùngbohùn tí wọ́n kọ orúkọ sí lára àti ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ lè máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín orúkọ méjì dípò kí ẹ fa ìlà kan ṣánṣán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu irú lógò tí ẹ ń wá

Ilé-iṣẹ́ kan lè ní lógò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ni àwòrán tó máa ń gba gbogbo ojú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń pa á, àti láàárín ètò kan sí òmíràn. Òmíràn ni èyí tó ń rìn, tí orin sì ń bá a lọ. Òmíràn wà lẹ́yìn akàròyìn tàbí lára tábìlì rẹ̀. Èyí tó kù ni kékeré tó wà ní igun láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin.

Ti igun yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀ jù, síbẹ̀ òun ló kẹ́yìn dé. Káàkiri àgbáyé, àárín ọdún 1990 sí 1999 ló di ohun tó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1985 tí igun rẹ̀ ṣófo, ẹ má ṣe rò pé wọ́n gé e kúrò. Ẹ lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn inú rẹ̀.

Nígbà àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun, ayàwòrán ilé-iṣẹ́ ló máa ń kun lógò sórí pátákó, tí wọ́n á wá dojú kámẹ́rà kọ ọ́. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tí ojú ènìyàn rí pé wọ́n yàtọ̀ lè di eérú kan náà lójú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe tinú àwòrán dúdú-funfun sọ àwọ̀ tí lógò ní. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Jos ló kọ́kọ́ lo tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère ní Nàìjíríà, ní ọdún 1974. Ẹni tó bá fi àwọ̀ méjì mẹ́ta kun lógò ọdún 1962 lónìí, láìní ìwé tàbí pátákó ìgbà náà lọ́wọ́, àròsọ ló kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ẹ̀rí jọ nílé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kámẹ́rà ya ìnáwó, àwọn ayafídíò àtijọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ìhà Tákíẹ̀ tàbí ọjà Jagun, nítorí irú wọn ló máa ń ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gba ètò tẹlifíṣọ̀n sí ẹ̀yìn ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Lẹ́yìn wọn, ẹ lọ bá àwọn ìdílé tí tẹlifíṣọ̀n ti kéde ìsìnkú òbí wọn tàbí oyè wọn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà, ẹ kí i dáadáa, ẹ jókòó, kí ẹ tó dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì. Ẹrù òkú lẹ ń béèrè.

Nínú fáìlì ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju kásẹ́ẹ̀tì lọ: rìsíìtì tí ilé-iṣẹ́ náà fún wọn nígbà tí wọ́n sanwó ìkéde. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti lógò rẹ̀ sábà máa ń wà lókè rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sanwó á sì wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀, àmọ́ rìsíìtì ń sọ ọ́. Àlèébù rẹ̀ kò ju pé lógò orí ìwé lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ojú ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ fi rìsíìtì gbe kásẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, kí ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìkíni ọdún àti lẹ́tà tó jáde láti ilé-iṣẹ́ náà wúlò bákan náà.

Ewu kan wà tó jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Ìlú yìí sún mọ́ Ìlọrin ju bó ṣe sún mọ́ Ìbàdàn lọ, àwọn tó gbé òpó éríà ga sí àgbàlá wọn sì máa ń yí i sí àríwá lónìí, sí gúúsù lọ́la. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà nílé kan ní Arówómọlé lè jẹ́ ti Ìlọrin láìjẹ́ pé ẹni tó gbà á rántí mọ́. Ìròyìn àpapọ̀ ti NTA ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò sì ran yín lọ́wọ́ rárá, nítorí kan náà ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ètò ìlú, pàápàá ìròyìn èdè Yorùbá, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì tẹ́tí sí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí akàròyìn bá dá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ àwòrán náà jáde bó ṣe rí

Ẹ ṣí ìdérí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo téèpù inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí ohun eléérú létí rẹ̀, olú ti hù sí i; ẹ má ṣe kì í bọ inú ẹ̀rọ, nítorí yóò ba téèpù jẹ́, yóò sì kó olú ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn. Èyí tó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi síwájú dé òpin, kí ẹ yí i padà sẹ́yìn, kí ẹ tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Nàìjíríà ń lo ètò PAL, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi àwòrán tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́, tó ní ìlà 625 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; 576 nínú àwọn ìlà náà ló gbé àwòrán. Fáìlì tí ẹ máa rí sábà máa ń jẹ́ 720 ní fífẹ̀ àti 576 ní gíga. Bí ẹ bá yọ àwòrán kan níbẹ̀ láìtún un ṣe, ohun tó rí róbótó yóò tínrín díẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 768 sí 576. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí fídíò náà, wàhálà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òdìkejì: ẹnìkan ti na àwòrán onígun àtijọ́ kó lè kún ojú ẹ̀rọ fífẹ̀ òde òní. Ẹ wọn ohun tó yẹ kó rí róbótó nínú àwòrán náà, ìbáà ṣe aago ògiri tàbí táyà ọkọ̀. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 133 nígbà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 100, wọ́n ti nà án. Mo ti rí lógò tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó rí bí ẹyin, tó jẹ́ pé róbótó ló wà tẹ́lẹ̀.

Nínú VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fídíò, ẹ dá fídíò náà dúró, kí ẹ máa tẹ lẹ́tà E láti máa sún un síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí Windows, Shift pẹ̀lú S ni yóò ya èyí tí ẹ bá fẹ́. Lógò tó ń rìn yóò ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ létí bí eyín ìyàrí, nítorí pé ìdajì àwòrán ni PAL ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró de ìgbà tó bá dúró sójú kan kí ẹ tó yà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ọdún rẹ̀

Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yìí ló ń mú èèyàn gbádùn iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tó yí lógò ká ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ìpolówó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ti GSM kò lè ṣíwájú oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń jẹ́ Econet nígbà náà di Vmobile ní 2004, ó di Celtel ní 2006, Zain ní 2008 àti Airtel ní 2010. Ẹ ò rí i pé orúkọ tó wà nínú ìpolówó kan ṣoṣo lè há ọdún mọ́ àárín méjì. Ẹ wo owó tí wọ́n ń ná nínú eré: owó ₦500 jáde ní 2001, ₦1000 ní 2005. Bí iye ọjà bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, ó ṣáájú ọjọ́ kìíní ọdún 1973. Bí ìròyìn bá pe Òṣogbo ní ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wà láàárín ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 àti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi pa iṣẹ́ lálẹ́ náà ń sọ̀rọ̀: èyí tí a gbà ní 1960 fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, ó sì padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024.

Ká ní ìpolówó Vmobile wà láàárín ìròyìn, tí lógò kan náà sì wà ní igun ṣáájú ìpolówó náà àti lẹ́yìn rẹ̀. A lè kọ pé lógò yẹn wà lójú ẹ̀rọ ní ìgbà kan láàárín 2004 sí 2006. A kò lè kọ pé 2004 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé téèpù náà kò já láàárín, nítorí àwọn èèyàn a máa gba nǹkan tuntun lé àtijọ́, ìpolówó ọdún kan á sì wá dúró ti ìròyìn ọdún mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tò ó, kí ẹ sì fi han àwọn tó mọ̀ ọ́n

Fún lógò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ̀rí yín kọ́kọ́ rí i, ọjọ́ tí ó rí i kẹ́yìn, àti ohun tí ẹ̀rí náà jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tún lógò yà kó lè mọ́, ẹ yà á, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àtúnyà ni, kí ẹ sì gbé àwòrán téèpù tí ẹ wò yà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtúnyà tí kò ní ẹ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fà á tí lógò tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lò rí fi ń kiri.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bi òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, ẹ má béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni lógò ìgbà yín ṣe rí?” Inúure yóò mú kí wọ́n ṣe àpèjúwe ohun kan fún yín, bí kò tilẹ̀ dá wọn lójú. Ẹ gbé àwòrán mẹ́rin síwájú wọn láìkọ ọdún sí i, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń ka ìròyìn nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí ọ̀tọ̀, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ ohun tí téèpù sọ.

Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti tẹ àwọn àwòrán náà sínú ìwé tàbí kàlẹ́ńdà tí ẹ ó tà, ẹ kọ lẹ́tà gbàṣẹ sí ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú, nítorí ohun-ìní wọn ni lógò jẹ́, àní èyí tí wọ́n ti pa tì. Ẹ fi ẹ̀dà ojú ewé tí ẹ ti tò sínú lẹ́tà náà, kí ẹ fi yíǹkì pupa yí àwọn àlàfo tó ṣì wà nínú rẹ̀ ká, kí ẹni tó bá ń tọ́jú àwọn ìwé àti téèpù àtijọ́ wọn lè mọ ohun tó yẹ kó bá yín wá.