Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín ba ẹjọ́ ọmọ yín jẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àsáílọ̀ọ̀mù

Tí ọmọ ará Abẹ́òkúta kan bá tọrọ àsáílọ̀ọ̀mù, ìyẹn ààbò fún ẹni tó sá fún inúnibíni nílùú rẹ̀, ní Ìlú Ọba, kì í pẹ́ tí ilé á fi gbóná. Ìyá á máa wá lọ́yà kiri, ẹ̀gbọ́n á máa wá ẹni tó máa kọ ìwé, ọ̀rẹ́ bàbá á ní òun mọ ẹnì kan tó máa ń bá wọn ṣe é. Ìfẹ́ ló ń sún wọn ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo ti rí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti bà á jẹ́.

Ẹ má ra ìtàn. Àwọn kan wà tó ń gbowó láti kọ́ ọmọ ní ohun tó máa sọ: ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lé e, wọ́n fẹ́ fi í joyè abọrẹ̀ ní túláàsì. Àwọn òṣìṣẹ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àsáílọ̀ọ̀mù, ti gbọ́ ọ títí. Nǹkan márùn-ún ni Àdéhùn Àgbáyé ọdún 1951 lórí àwọn ogunléndé kà sílẹ̀ pé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ ṣe inúnibíni sí èèyàn: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tó wà láwùjọ, àti èrò òṣèlú. Ìṣẹ́ àti òṣì ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ sá torí pé ẹbí ọkọ fẹ́ dá abẹ́ fún un kò nílò ìtàn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Kó sọ tiẹ̀, kó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwé ayédèrú ló burú jù lójú tèmi. Mo rí ìwé ìbúra kóòtù kan tí ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Kóòtù wo ló ń lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú? Orúkọ bàbá sì yàtọ̀ lójú ìwé kejì sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lójú ìwé kìíní. Tí wọ́n bá já irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Ohun tó wà nílé gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́: káàdì ọsibítù ọjọ́ tí wọ́n lù ú, fọ́tò ọgbẹ́, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi halẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún un kó tọ́jú àpòòwé tó gbé e dé, torí òun ló ń fi hàn pé láti Abẹ́òkúta ló ti wá.

Ìbéèrè kan wà tó ti da ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà nù: "Kí ló dé tí o ò kó lọ sí ìlú míì?" Ẹni tó bá sá kúrò ní Adìgbẹ, tó lọ sápamọ́ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìlọrin, tí wọ́n tún tọpa rẹ̀ débẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ìgbà wo ló lọ, ta ló rí i, báwo ni wọ́n ṣe mọ ibẹ̀. Bó bá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó sọ ohun tí wọ́n wí. Kí ẹ̀yin ará ilé bá a rántí, àmọ́ ẹ má ṣe bá a ṣàfikún. Ti ọkùnrin tún le jù, torí òfin wọn ka Nàìjíríà sí orílẹ̀-èdè aláàbò fún ọkùnrin. Tí wọ́n bá rí ẹjọ́ náà bí aláìnídìí, wọ́n lè kọ̀ ọ́ láìfún un láyè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ má sọ fún ọmọbìnrin yín pé kó bo ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ó lè ní obìnrin ni kó fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, kí ògbufọ̀ sì jẹ́ obìnrin. Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ Yorùbá. Tí ẹni náà ò bá gbọ́ Ẹ̀gbá rẹ̀, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìjọba Nàìjíríà létí.

Ẹ dákun, ẹ má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ìdáhùn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, àfi tó bá ti lé lóṣù 12 tí wọn ò tíì dá a lóhùn, kó sì gba àṣẹ. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní nǹkan jẹ́ nǹkan bí £49 lọ́sẹ̀. "Ṣé ìwọ náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù?" tí ẹ ń bi í yìí ló ń ti ọ̀pọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ kọ̀rọ̀ tó ń kó bá wọn.

Èyí tó le jù lọ́dọ̀ wa ni ti ìsìnkú. Kí bàbá kú ní Abẹ́òkúta, kí dáwódù má wá! Ẹbí á bínú, wọ́n á ní ó ti gbàgbé orísun. Àmọ́ ìwé ìrìnnà ogunléndé kò bo Nàìjíríà. Tó bá wá gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó fi wá sìnkú, wọ́n lè sọ pé ẹ̀rù tó ní òun ń bà ti tán, kí wọ́n gba ààbò náà padà. Kí àbúrò dúró fún un, kí ẹbí sì jẹ́ ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn àgbà.

Ní ti lọ́yà, ẹni tí kò lówó lè rí ti ọ̀fẹ́ gbà lábẹ́ legal aid. Kò bófin mu níbẹ̀ kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ máa gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú. Ẹ lè ti orí fóònù yín níbí wo ìwé orúkọ àwọn olùdámọ̀ràn lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá sì dé, ọjọ́ 14 péré ló ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má kọ́kọ́ pèpàdé ẹbí, ẹ ní kó gbé e lọ bá lọ́yà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.