Ọmọ Ń Yàgbẹ́ Gbuuru, ORS Kò Sì Dá a Dúró: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

ORS ni èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí a máa ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ìyá àti àwọn tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì jù nígbà tí inú ọmọ bá ń ṣí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń dáhùn.

Nọ́ọ̀sì, láti àná ni mo ti ń fún ọmọ mi ní ORS, ìgbẹ́ náà kò dá. Ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró, wọn kò sì ṣe é fún ìyẹn. Bí ọmọ ṣe ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá a jáde. Iṣẹ́ ORS ni láti máa dá èyí tó jáde padà. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó lọ, ẹ lo ORS o, ẹ kò lò ó o. Ṣùgbọ́n kí omi gbẹ lára ọmọ, ìyẹn ló ń pa á, kò sì ní dúró de ọjọ́ méje.

Nítorí náà, ẹ má fi iye ìgbà tó yàgbẹ́ mọ̀ bóyá ORS ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá ó ń tọ̀. Ẹ wò ó bóyá omijé ń jáde tó bá ń sunkún, bóyá ẹnu rẹ̀ tutù, bóyá àwùjẹ̀ rẹ̀ kò jìn sínú. Tí gbogbo èyí bá dára, ORS ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ó ti yàgbẹ́ nígbà mẹ́wàá láti òwúrọ̀.

Gbogbo èyí tí mo bá fún un ló ń bì.

Báwo lẹ ṣe ń fún un? Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ife ni wọ́n gbé sí i lẹ́nu, tàbí fídà. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó gbé e mì gbìì, inú tó ti ń rú tẹ́lẹ̀ sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìyá á wá sọ pé ara ọmọ òun kò gba ORS, á sì pa á tì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń bàjẹ́.

Tó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ yín, ẹ mú ṣíbí tíì, ẹ fún un ní ṣíbí kan péré. Ẹ ka ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ó máa ń súni, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín tó bá rẹ̀ yín. Bí omi ṣe ń padà sára rẹ̀ ni èébì náà á máa rọlẹ̀, ẹ lè wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá tún bì í, kì í ṣe gbogbo ohun tó mu ló bá a jáde. Díẹ̀ á kù nínú.

Ẹ má fún un ní oògùn èébì tí wọ́n kọ fún àgbàlagbà. Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo ṣíbí tó wọlé ló ń jáde pẹ̀lú bí ẹ ṣe rọra ń fún un, ilé ìwòsàn ló kàn. Wọ́n lè gba imú fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ORS náà dé inú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fa omi sí i lára.

Ṣúgà ló ń fa jedíjedí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ wá ní ká fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ ní ohun tó ní ṣúgà? (Ìyá àgbà kan ló béèrè.)

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí àwọn kan kì í béèrè, wọ́n á kàn da ORS náà nù tí nọ́ọ̀sì bá ti yíjú.

Ṣúgà inú ORS kò pọ̀: gíráàmù 13.5 ni, nínú odidi lítà omi kan. Iyọ̀ àti ṣúgà ní ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n jọ ń gbà wọ inú ara láti inú ìfun, bí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Ẹnu ọ̀nà yìí kì í tì nígbà tí ìfun ń ṣàìsàn. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kò fi tó, tí omi oníyọ̀ nìkan náà kò sì tó.

Lọ́dún 1971, nígbà tí ogun lé àwọn èèyàn kúrò ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí wọ Íńdíà, onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n nílùú Bongaon. Omi tí wọ́n ń fà síni lára tán nílẹ̀. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn máa fún wọn mu. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó já sí nǹkan bíi mẹ́rin. Nígbà tó di 2002, àjọ ìlera àgbáyé tún dín iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ kù sí bó ṣe wà lónìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò ṣòfò rárá o. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù ń fa omi láti inú ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì le sí i. Torí náà, ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn lórí mínírà àti júùsì dídùn tí wọ́n ń rà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Agbo jedí ni kí ẹ má fún un. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ṣínú, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́.

Mi ò ní ohun tí mo lè fi wọn lítà kan.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan. Ẹ tú u sínú ìkòkò tó mọ́, ẹ da odidi ọ̀rá ORS kan sí i, ẹ rò ó títí á fi yòrò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún lítà kan. Ẹ má dá a sí méjì. Ẹ má dín omi rẹ̀ kù kó lè “lágbára”: iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe gan-an. Ẹ má fi ṣúgà tàbí mílíìkì kún un, ẹ má sì gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Tí kò bá sí ORS nítòsí, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, nínú lítà omi kan tó mọ́. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Báwo ni kí n ṣe fún un tó?

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 50 sí 100ml fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200ml. Tó bá ń béèrè sí i, ẹ fún un.

Ìgbẹ́ dá ní ọjọ́ kẹta, mo sì dá sínǹkì, oògùn tí ẹ ní kí n máa fún un pẹ̀lú ORS, dúró.

Ẹ padà sí i. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni: 20mg lójúmọ́, tàbí 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè lọ, ó ń ràn án lọ́wọ́ kó má tètè padà ní oṣù méjì mẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹ yọ́ ọ sínú ṣíbí omi ọyàn tàbí ORS.

Kẹ́mísì fún mi ní Flagyl àti oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Loperamide àti irú rẹ̀ tó ń dá ìgbẹ́ dúró kì í ṣe ti ọmọdé: ó lè sé ìfun rẹ̀, inú á wú. Oògùn apakòkòrò bíi Flagyl kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló máa yan oògùn tó yẹ.

Eyín ló ń hù, àbí?

Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àsìkò tí eyín ń hù ni ọmọ ń rákò, tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Ohun tó wà lára nǹkan náà ló ń dá a lágara. Kòkòrò rotavirus wà lára àwọn tó burú jù, àjẹsára rẹ̀ sì ti wọ ètò ìjọba Nàìjíríà láti 2022. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò.

Ṣé kí n dá oúnjẹ dúró kí inú rẹ̀ lè sinmi?

Rárá o. Ebi á kàn jẹ́ kó rù sí i ni. Ẹ máa fún un lọ́yàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ti ń jẹun, ẹ ṣe ògì tí ẹ fi ẹ̀wà tàbí epo díẹ̀ sí, àmàlà, ìrẹsì rírọ̀, díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Lẹ́yìn tó bá sàn, ẹ fi oúnjẹ kan kún ti ojúmọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdí rẹ̀ ti bó, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má nù ún ní ìnù líle. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ fi fasilíìnì pa á kí ẹ tó wọ páḿpáàsì fún un, ẹ sì tètè máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì da ìgbẹ́ náà sí ṣáláńgá. Àrùn wà nínú rẹ̀ bíi ti àgbàlagbà.

Ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ sáré?

Tí kò bá lè mu, tàbí tó kàn sùn gbàlàjà tí jíjí rẹ̀ ń ṣòro. Tí ojú rẹ̀ bá jìn. Ẹ fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀: tí kò bá tètè padà sí bó ṣe wà, omi ti gbẹ lára rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ bá ti wọ ọjọ́ kẹrìnlá. Èyí tó bá ń jáde bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tó ń ya wàrà, ẹ má dúró de òwúrọ̀: onígbáméjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọmọ tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ gbé ORS àti ṣíbí yín dání, kí ẹ máa fún un lórí ọ̀kadà títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.