Àṣàrò bí àwọn Júù ṣe ń ṣe é: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ ọ

Fún nǹkan bí ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ìyá àgbà kan ní Stamford Hill, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Júù ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìdájí ni mo sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí mo bá ti ká aṣọ fèrèsé kúrò, tí wọ́n la ojú, kí wọ́n tó dá mi lóhùn rárá, ètè wọn á ti máa mì. Ó pẹ́ kí n tó ní ìgboyà láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Ọba tó wà láàyè títí láé, tí o fi àánú dá ẹ̀mí mi padà sínú mi, òtítọ́ rẹ pọ̀." Mo ní, "Màmá, àwa náà ń sọ ọ́ nílé wa. À ń bi ara wa pé ṣé a jíire, a sì ń dáhùn pé a dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Wọ́n wá ṣàlàyé pé àdúrà yẹn, Modeh Ani, kò ní orúkọ Ọlọ́run kankan nínú, nítorí pé orí ibùsùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kí wọ́n tó bomi fọwọ́. Ọpẹ́ kò ní láti dúró de ìmúra.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa àṣàrò àwọn Júù, tí mo sì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Kristẹni ni mí, n kò fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́fà nínú ìjọ wa bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa sì ṣe àṣìṣe lóríṣiríṣi. Àwọn àṣìṣe náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí pé mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa á tì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà bẹ̀rẹ̀ ni kò dára.

Ẹ má jókòó ti òfìfo

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. A gbọ́ "àṣàrò", a sì rò pé kí èèyàn di ojú, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó máa lé èrò jáde lórí bí ẹni ń lé adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oṣù kan gbáko. Orí fífọ́ ni mo rí gbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Ìwé Mímọ́ lò gan-an. Nínú Jóṣúà 1:8, níbi tí a ti ní kí ó máa ṣe àṣàrò nínú ìwé òfin lọ́sàn-án àti lóru, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni hagah. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni Àìsáyà lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa (31:4), òun náà ló sì lò fún àdàbà tó ń ké (38:14). Ohùn wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ Jóṣúà náà tilẹ̀ ní kí ìwé òfin má kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ẹsẹ kúkúrú kan, kí ẹ máa kùn ún lábẹ́lẹ̀ bí ìyá ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èyí tí mo ń lò ni Sáàmù 16:8, pé mo gbé Olúwa ka iwájú mi nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ sínágọ́gù ló kọ ẹsẹ yìí sára ògiri níwájú ẹni tó ń gbàdúrà.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní àyè tirẹ̀ o. Rábì Kalonymus Kalman Shapira, ti Piaseczno nítòsí Warsaw ní Póláńdì, kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè mú ọkàn rọlẹ̀. Kò ní kí wọ́n bá èrò jà. Ó ní kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń kọjá. Ẹni tí ìyẹn bá sì nira fún, kí ó tẹjú mọ́ ọwọ́ aago tó ń rìn jẹ́jẹ́. Bí inú bá ti wá parọ́rọ́, ẹsẹ Ìwé Mímọ́ ló kàn, kí ẹni náà sì bẹ Ọlọ́run fún ohun kan pàtó tí ìwà rẹ̀ ṣaláìní. Ìparọ́rọ́ náà kò ju àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà lọ. Ọkùnrin yìí ṣì ń wàásù fún àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tí ìjọba Násì há wọn mọ́ Warsaw, kí wọ́n tó pa á ní 1943. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí mo bá ń ṣàwáwí pé ariwo pọ̀ jù nílé wa.

Èdè tí ẹ fi ń sunkún ni kí ẹ lò

Rábì Nachman ti Breslov (1772 sí 1810), tí sàréè rẹ̀ wà ní Uman ní Ukraine, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún fún Ọdún Tuntun àwọn Júù, fi ohun kan lélẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hitbodedut: kí èèyàn dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run ní wákàtí kan lójúmọ́, nínú yàrá tàbí nínú pápá, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé lọ́wọ́, gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni kí ó sọ: gbèsè, owú, ẹ̀rù, ìdùnnú. Ó wá tẹnu mọ́ ọn pé èdè tí èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni kí ó lò. Yídíìṣì nìyẹn fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Ó ní Hébérù kì í ṣe èdè tí wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ, nítorí náà ọkàn kì í tètè tẹ̀ lé e.

Rábì fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa èdè mímọ́ tirẹ̀! Síbẹ̀, arábìnrin kan nínú wa kọ gbólóhùn Hébérù sínú ìwé ajákọ pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá, ó ń kà á láràárọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ, ó sì ń ṣe kàyéfì pé òun kò mọ nǹkan kan lára. Tèmi kò sàn ju tirẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣe é, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ka àwọn ìwé náà. Mo ń to gbólóhùn bí ẹni ń kọ lẹ́tà síléeṣẹ́. Ó di ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti Ọ̀ṣogbo pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣubú lulẹ̀, pé apá kan ara rẹ̀ kò gbéra mọ́. Mo bọ́ sórí bọ́ọ̀sì, mo gun òkè, mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀: "Olúwa, Bọ̀dá mi nìyẹn o. Ẹ gbà mí." Láti Stamford Hill títí dé ilé ni mo fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn n kò fi èdè mìíràn ṣe é mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde ńkọ́? Rábì Nachman ní kí èèyàn di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú, kí ó máa tún un pè, kódà fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn tirẹ̀ a máa pe "Ribono shel olam", Olúwa gbogbo ayé. Àwa ní "Elédùmarè." Ó tó. Ẹ má sì fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ogún ni mo wà báyìí.

Kò sí awo níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé àwọn èèyàn wa ni wọ́n ń fi tàn jẹ. Bí ẹ bá ti dárúkọ "ẹ̀mí" àti "Júù" papọ̀, ẹnìkan á ti máa bi yín pé orúkọ wo ni kí òun pè kí ilẹ̀kùn ṣí, èdìdì wo ni kí òun yà sórí bébà, àbẹ́là mélòó ni kí òun tàn. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Ìwé Kẹfà àti Ìkeje ti Mósè ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. Stuttgart ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849. Kì í ṣe ara Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, ìwé márùn-ún péré sì ni Tórà ní. Lóòótọ́, àwọn Júù ìgbà kan ní ìwé tó ń sọ Sáàmù tí wọ́n ń kà fún àìsàn tàbí ìrìn àjò, n kò ní purọ́ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí àṣàrò. Ẹni tó ń ṣàṣàrò ń jẹ́ kí Ọlọ́run rí òun bí òun ṣe rí.

Ní ti orúkọ, Màmá kò jẹ́ pe lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi kọ orúkọ Ọlọ́run nínú Tórà láé. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, wọ́n á ní "Adonai", ìyẹn Olúwa mi. Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, "Hashem" ni, èyí tó túmọ̀ sí Orúkọ náà. Ọmọ Yorùbá tí kò jẹ́ pe bàbá rẹ̀ lórúkọ yẹ kí ó lóye èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má ṣe máa fi orúkọ náà ṣe ọfọ̀.

Àwọn àgbà wọn pàápàá kò fi ọwọ́ kékeré mú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Kàbálà. Júù kan tó ń jẹ́ Sabbatai Zevi gba ojú ọ̀nà yẹn pe ara rẹ̀ ní Mèsáyà, ó kó àìmọye èèyàn sẹ́yìn, ó sì di Mùsùlùmí níwájú Súlútánì ní 1666. Ìdààmú tó bá àwọn Júù lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò tíì lè dúpẹ́ lórí búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀, kí ló ń wá ní òkè yẹn?

Ẹ má yọ ilé ìyàgbẹ́ sílẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ibí yìí, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. A máa ń rò pé ibi tó mọ́, tó ń ta sánsán, ni ohun ẹ̀mí wà. Àwọn Júù ní ìbùkún tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìyàgbẹ́ jáde, tí wọ́n ti fọwọ́. Asher Yatzar lorúkọ rẹ̀, ó sì ti wà nínú Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì ìgbàanì ti jíròrò òfin wọn. Ó yin Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n dá ènìyàn, tó dá ihò àti òpópó púpọ̀ sínú rẹ̀. Pé bí ọ̀kan tó yẹ kó wà ní pípadé bá ṣí, tàbí tí ọ̀kan tó yẹ kó ṣí bá dí, kò ní ṣeé ṣe fún wa láti dúró níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ́ kí n mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ti rí àgbàlagbà tó jókòó fún wákàtí kan tí ìtọ̀ kò jáde. Mo ti bá wọn yí àpò ìtọ̀ tó ń so mọ́ itan. Nígbà tí Màmá bá jáde, tí wọ́n di ọ̀pá wọn mú, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ìwàásù tí mo gbọ́ rí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìbùkún irú èyí pọ̀: fún èso, fún ààrá, fún òṣùmàrè, fún òórùn dídùn. Rábì Meir nínú Talmud ní ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí èèyàn máa sọ lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, ṣé kò jọ "ẹ kú" tiwa? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọmọ. Kò sí ipò tí a bá ara wa tí a kò ní ìkíni fún. Ohun tí àwa ń ṣe fún ọmọnìkejì ni wọ́n ń ṣe fún Ẹlẹ́dàá. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, kò ní ṣòro mọ́.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí a sọ iye náà di ìdíje. Ọ̀kan nínú wa ń fi bírò fa ìlà sínú ìwé. Ó dé mọ́kànlélọ́gọ́rin lọ́jọ́ kan, ó ń yára kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹ́ta tí ẹ dúró sọ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùfọkànsìn ìgbàanì tí Mishnah, àkójọ òfin àwọn rábì tí Talmud dá lé, sọ̀rọ̀ wọn a máa dúró fún wákàtí kan *kí* wọ́n tó gbàdúrà, kí ọkàn wọn lè kọjú sí Bàbá wọn tó wà lọ́run.

Àwọn mìíràn tí n kò ní pẹ́ lórí wọn

Ẹ má ra tálítì, ìyẹn aṣọ ìborùn tí wọ́n fi ń gbàdúrà, àti shófà, ìwo àgbò tí wọ́n ń fun, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọ kan nílé ti sọ ọ́ di àṣà. Àwọn nǹkan yẹn jẹ́ ti májẹ̀mú àwọn èèyàn kan, àwọn rábì fúnra wọn sì kọ́ni pé òfin méje Nóà ló de àwa yòókù. Ohun tí wọ́n ń fi ẹnu àti ọkàn ṣe ni kí ẹ kọ́.

Ẹ má gbìyànjú láti tún gbogbo ìwà yín ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní 1808, ọ̀mọ̀wé Júù kan, Menachem Mendel Lefin, tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣirò ọkàn, ọ̀nà tó sì lò, ọ̀dọ̀ Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ló ti mú un: ìwà mẹ́tàlá, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Sùúrù nìkan ni mo fi ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́ wá, n kò sì rí i.

Bí ìbànújẹ́ tó wà lára yín bá jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ jẹun tàbí sùn, ẹ lọ rí dókítà. Àṣàrò kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má fo ìdáríjì

Kí àwọn Júù tó sùn, wọ́n ń ka Shema, ìyẹn "Gbọ́, Ísírẹ́lì". Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ ohun kan ṣáájú rẹ̀: pé àwọn dárí ji gbogbo ẹni tó mú àwọn bínú tàbí tó ṣẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà, ní ara, ní owó tàbí ní ọlá, ìbáà mọ̀ọ́mọ̀, ìbáà ṣèèṣì, kí ẹnikẹ́ni má jìyà nítorí àwọn. Nínú ẹgbẹ́ wa, òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ pa tì. A ń ka Shema, a ń fo èyí. Tàbí kí a sọ ọ́ gbàràgàdà, "mo dárí ji gbogbo ayé", láìjẹ́ pé ojú ẹnìkan hàn sí wa.

Ìgbà kan wà tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n dúró láàárín àdúrà náà, wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n wá sọ fún mi pé ó ku ẹnìkan, pé ó kọ̀ kò ṣeé ṣe lálẹ́ yìí, àwọn yóò tún gbìyànjú lọ́la. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ka Shema wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn pa iná.